Ewé Tí A Ò Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Ká

Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kejì

Màámi mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tutù bí imú ajá. Ẹ kú ilé, ẹ kú àìrí mi. Orúnkún yín ńkọ́? Ẹ bá mi kí Bàbá Télọ̀ tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe kọ ọ́ ni kí ẹ kà á o, ẹ má fi iyọ̀ sí i. Fóònù ni ì bá rọrùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá pè, "Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?" lẹ máa ń pariwo títí owó á fi tán lórí ẹ̀. Etí yín ló sọ mí di akọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí: mi ò fẹ́ gbé ìlú òyìnbó yìí mọ́. Oṣù mẹ́rin ti tó. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi sí. Bí mo bá na ẹsẹ̀, ó kan ògiri. Bí mo bá ká a, eékún mi á kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí Àǹtí bí síbí kò jẹ́ kí n gbádùn. Tí mo bá rọra sọ lábẹ́ aṣọ ìbora pé "mo kórìíra ilé yìí", ó ti dé pálọ̀: "Ó ní òun kórìíra ilé yìí o!" Ayékòótọ́ ni bàbá rẹ̀ ń pè é, ó sì mọ̀ ọ́n sọ lórúkọ.

Àǹtí ní kí n máa pe òun ní Mọ́mì. Mo ní ṣé nítorí pé òun ló bí mi? Ọmọ ọdún márùn-ún ni mo wà nígbà tó fi mí sọ́dọ̀ yín tó lọ, mo ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ẹ̀yin ni màmá mi. Àǹtí ni mò ń pè é láti kékeré, Àǹtí náà ni màá máa pè é.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ má bi mí. Wọn kì í fún mi ní oúnjẹ tó yó mi. Ebi ni mo fi ń sùn. Síkẹ́ẹ̀tì iléèwé mi, okùn ni mo fi so ó mọ́ ìdí.

Àǹtí ṣèlérí lójú mi pé bí ibí ò bá bá mi lára mu, ẹ̀yin ẹ ṣáà sọ̀rọ̀ kan péré, òun á dá mi padà. Ẹ sọ ọ́, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́.

Èmi ni,
Olóríkunkun yín.


Ogúnjọ́, Oṣù Kejì

Màámi,

Mi ò kí yín lónìí. Ó dáa, mo kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ ò fèsì. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń wo àpótí lẹ́tà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìwé iná ń dé. Ìwé omi ń dé. Ẹnìkan tó ń ta àga ń kọ̀wé sí wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ò sì mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ dákẹ́.

Wọ́n tún fẹ́ fi nǹkan mìíràn dà mí láàmú. Ẹ mọ̀ pé ibi ìfọṣọ ọsibítù ni Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin ará Gúúsù Íńdíà kan ni wọ́n jọ ń fa aṣọ ibùsùn jáde nínú ẹ̀rọ, ọ̀kan dì í mú lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé oúnjẹ. Ó ní gbogbo ilé wa gbọ́dọ̀ wá jẹun níbẹ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ní mi ò lọ. Àǹtí ní ta ló bi mí?

Ẹ fèsì o.

Olóríkunkun.


Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kejì

Olóríkunkun mi, ọmọ ọmọ mi,

Ẹnu mi ló ń sọ ọ́, ọwọ́ Télọ̀ ló ń kọ ọ́. Orúnkún mi wà níbi tí o fi í sí. Lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ dé lánàá. Mo ní kí Télọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo ní ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ní aṣọ oníbàárà ń dúró de òun.

Wọ́n fi ebi pa ọmọ mi? Ọmọ tí mo ń lé káàkiri àgbàlá pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, tí mo ń sọ fún un pé ẹyẹ á gbà á jẹ? Àyà mi já. (Èmi Télọ̀ nìyí: wọ́n sunkún. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́.)

Mo ti kọ̀wé sí ìyá rẹ lónìí yìí. Ìwé méjèèjì ló jọ ń jáde. Mo ní gbàrà tí iléèwé rẹ bá ti padé kó dá ọ padà fún mi. Mo ní ẹni tó bímọ tí kò lè bọ́ ọ, kó gbé e fún ẹni tó lè bọ́ ọ. (Ọ̀rọ̀ náà gbóná jù báyìí lọ. Èmi Télọ̀ ni mo fi omi là á.)

Ìwọ náà, kí ló dé tí o ò fi sọ pé ọkọ ìyá rẹ kí mi? Ṣé kò kí mi ni, àbí ìwọ ni o gbàgbé? Ilé tí wọn kì í ti í fún ọmọ lóúnjẹ, ó yẹ kí wọ́n ṣáà máa kí èèyàn.

Yàrá rẹ wà bó ṣe wà. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ẹrù síbẹ̀.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹta

Màámi mi dáadáa,

Ẹ wá ibi jókòó kí Bàbá Télọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kú àárọ̀ tàbí ẹ kú alẹ́, èyí tó bá bá yín. Ọkọ Àǹtí kí yín, àní ó ní kí n kọ ọ́ nínú gbogbo lẹ́tà, mo kàn ń gbàgbé ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń kọ èyí. Láti àná, mi ò lè tẹ̀.

A lọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì la wọ̀. Ọkọ Àǹtí, ẹ mọ̀ pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sì ni, síbẹ̀ gbogbo ibi tí awakọ̀ bá ti ṣe kòńgẹ́ iná pupa, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ búrékì níbi tó jókòó sí.

Ilé oúnjẹ náà ò ju ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀ méjì lọ. Àga ike, ife onírin, ibi ìfọwọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n fi okùn so ọṣẹ mọ́. Òórùn àlùbọ́sà díndín ti gbá wa lójú kí a tó ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń ṣe fáàrí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹun pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀, ìyá kan ń fún imú ọmọ rẹ̀.

Mo ti pinnu pé mi ò ní jẹ. Mo fẹ́ kí Àǹtí rí i pé mi ò jẹ. Wọ́n wá gbé dósà dé. Màámi, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n lọ̀, wọ́n wá fẹ̀ ẹ́ sórí irin gbígbóná títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ìwé, wọ́n ká a bí ẹní, ó gùn ju apá mi lọ. Ayékòótọ́ gbé tirẹ̀ sójú, ó ń yọjú wò wá láti inú ihò rẹ̀. Mo ní kí n kàn fọwọ́ kan etí ẹ̀ ni. Ó dún "kàù". Etí kan bẹ́ẹ̀, etí kejì bẹ́ẹ̀, mo rí i pé ó ti tán.

Mo rò pé oúnjẹ nìyẹn. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n tẹ́ odidi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú oníkálukú, láìsí àwo. Sátidé nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ẹni tó ni ilé oúnjẹ náà ló jáde wá, bàbá arúgbó, orí rẹ̀ funfun báláú, ó gbé garawa lọ́wọ́ kan, ìgbákọ lọ́wọ́ kejì. Ó bu ìrẹsì. Ó da ọbẹ̀ ẹ̀wà olómi lé e lórí, sáńbà ni wọ́n ń pè é. Ó fi ẹ̀fọ́ oríṣi mẹ́ta yí i ká. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, mo sì wá a dáadáa. Ọwọ́ ni gbogbo ayé fi ń jẹ ẹ́.

Ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ mi. Kí àgbàlagbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún mi, kí n wá ní mi ò jẹ? Mo jẹ ẹ́ tán. Ewé mi mọ́ tónítóní, ó ń dán. Bàbá náà rí i, inú rẹ̀ dùn, ó bu òmíràn sí i. Mo ní ẹ ṣeun sà. Mo jẹ ìyẹn náà tán. Ó tún dé.

Mo wo ọ̀tún. Ọkọ Àǹtí ti tú bẹ́líìtì, òógùn bo imú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí bàbá náà bí ẹni tí wọ́n ń na ní kọ̀rọ̀. Mo wo òsì. Àǹtí ń jẹ, ó ń mí, ó tún ń jẹ. Bàbá dé lẹ́ẹ̀kẹrin.

Mo rọra ní, "Àǹtí, ẹ sọ fún wọn pé ó tó."

"Ìwọ sọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ."

"Ìwọ lo ń lọ síléèwé."

"Iléèwé wo ni wọ́n ti ń kọ́ èyí?"

Bàbá ti bù ú. Àǹtí fi eyín rẹ́rìn-ín sí i, ó wá gba abẹ́ ẹ̀rín yẹn sọ fún mi pé, "Jẹ ẹ́. Má dójú tì mí. Ẹni tó jẹun kù, ó bú ẹni tó sè é."

Màámi! Ọ̀rọ̀ yín ni! Ohùn yín ni! Bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ imú tí ẹ bá sọ ọ́ tán, ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo gbàgbé ìrẹsì lọ́wọ́.

"Ta ló kọ́ yín nìyẹn?"

"Ta ló kọ́ ìwọ?"

"Màámi ni."

"Màámi wo? Ìyá tèmi kọ́?"

Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ mú òun lọ kí àwọn kan, òun ṣẹ́ òkèlè kan kù sínú àwo. Ẹ fún òun léèékánná lábẹ́ tábìlì títí òun fi gbé e mì pẹ̀lú omijé, ẹ wá sọ fún onílé pé ata ló ta òun. Ó ní ojú ibẹ̀ ṣì wà ní itan ọ̀tún òun.

Mo ní, "Ọ̀tún ni tèmi náà wà."

Màámi, kí ni itan ọ̀tún ṣe fún yín?

Ẹ̀rín gbé wa. Ìrẹsì gba imú mi jáde. Àǹtí gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tó fẹ́ epo. Ayékòótọ́ gun orí àga, ó pariwo pé, "Bàbá, ó tó o! Wọ́n fẹ́ bẹ́!" Bàbá ò gbọ́ Yorùbá. Ó fi ọwọ́ pa á lórí, ó bu tirẹ̀ sí i.

Bí ọ̀rẹ́ Àǹtí ṣe ti ilé ìdáná jáde nìyẹn, tó ká ọwọ́ lé orí. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ewé tó wà ní ṣíṣí, oúnjẹ ló ń bèèrè. Ẹni tó bá yó á ká ewé tirẹ̀ sí méjì ni, kò sì nílò láti sọ nǹkan kan. Ó ní ọwọ́ ti ń ro bàbá ọkọ òun, ó ti wá bi òun nínú ilé ìdáná pé irú èèyàn wo nìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti dúró kí àlejò tó dúró. Wọ́n tiẹ̀ ti gbé ìrẹsì mìíràn kaná nítorí tiwa.

A ká ewé wa kíákíá bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè.

A ò lè wọ bọ́ọ̀sì padà, ẹsẹ̀ la fi rìn. Àǹtí fi ọwọ́ kọ́ mi lápá, mi ò sì já a. Ó ní, "Ìwọ nìkan kọ́ ni obìnrin yẹn tọ́, o gbọ́?" Mi ò ronú ẹ̀ rí pé ẹ ti jẹ́ ìyá ẹnìkan kí ẹ tó jẹ́ tèmi. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò purọ́. Ó dà bí ìgbà tí mo jókòó sórí àga kan, tí ẹnìkan wá sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé àga òun ni.

Lẹ́tà mi àkọ́kọ́, ti ọjọ́ kẹta, ṣé ó ti dé? Bí kò bá tíì dé, tó bá dé, ẹ má kà á.

Olóríkunkun yín tó yó.


Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta

Màámi,

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kí yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo kúnlẹ̀.

Ìwé yín dé, méjèèjì. Mo ti iléèwé dé, mo bá Àǹtí lórí àga ilé ìdáná, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Tirẹ̀ wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Ó na tèmi sí mi, ó ní, "Tìẹ nìyí." Ó dìde, ó gbé ọbẹ̀ kaná. Nígbà tó bu oúnjẹ, tèmi ló pọ̀ jù. Kò wo ojú mi. Mo jẹ ẹ́ tán, ó dà bíi pé iyanrìn ni mò ń jẹ.

Ayékòótọ́ ló wá sọ fún mi pé, "Mọ́mì ń sunkún ní bàlùwẹ̀. Ó ṣí omi kí a má baà gbọ́."

Irọ́ ni mo pa, Màámi. Wọ́n ń fún mi lóúnjẹ. Àǹtí ń jí ṣáájú gbogbo ilé láti sè é kó tó lọ ṣiṣẹ́. Èmi ni mi ò jẹ ẹ́. Èmi ni mò ń dà á sínú bíìnì tí mo ń fi bébà bò ó. Síkẹ́ẹ̀tì yẹn, ó tóbi láti ilẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ọ̀tútù ń mú mi, ẹ máa ní kí n wọ aṣọ sí i. Bí mo bá ní ebi, ẹ máa bínú. Mo fẹ́ kí ẹ bínú ni. Mi ò mọ̀ pé inú bíbí yín á rìn jìnnà tó báyìí.

Mi ò lè sọ ọ́ fún un. Mo ti ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, mo ní omi ni mo fẹ́ mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ kọ̀wé sí i pé ẹ̀yin ò mọ̀, pé Bàbá Télọ̀ ló ka lẹ́tà mi ṣì. Bàbá Télọ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ò gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò lè wo ojú yín.

Èmi ni.


Ọgbọ̀njọ́, Oṣù Kẹta

Olóríkunkun,

Télọ̀ ní òun ò gbà. (Mi ò gbà! Ọdún mélòó ni mo fi kàwé? Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí ọmọ yìí wá pa irọ́ mọ́ mi?)

Ìyá rẹ kọ̀wé sí mi. Kò gbèjà ara rẹ̀ rárá. Ó ní, "Màámi, mo gbọ́. Màá dá a padà bí mo ṣe ṣèlérí. Tó bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní àlùbọ́sà tútù, inú máa ń run ún. Ẹyin rẹ̀, kí ẹ sè é kó le dáadáa, kò jẹ rírọ̀ mọ́. Ara rẹ̀ kì í tètè yá láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó jí tán kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀." Gbogbo ohun tó kọ nìyẹn.

Mo ní kí Télọ̀ dúró níbi ẹyin. Ẹyin rírọ̀ lo ń jẹ nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi. Èmi ò mọ̀ pé o ti yí padà. Ẹni tó ń fi ebi pa ọmọ kì í mọ bí ẹyin ọmọ ṣe ń le sí.

Èmi náà á sọ tèmi, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìjẹ́wọ́ la wà yìí. Èmi ni mo tọ́ ìyá rẹ. Lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ yẹn, kí Télọ̀ tó kà á dé ìdajì, mo ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ọmọ tí mo tọ́ kò lè fi ebi pa ológbò. Ṣùgbọ́n ilé dákẹ́, ọmọ mi. Bí mo bá fi ṣíbí lélẹ̀, mò ń gbọ́ ọ, èmi tí etí mi ti di. O gbé irọ́ wá, mo rí i pé irọ́ yẹn lè mú ọ padà wá fún mi, mo bá gbé e mì. Mo wá fi bú ọmọ mi. (Èmi Télọ̀ ò fi omi la èyí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn.)

Mo ti kọ̀wé sí i, mo tọrọ àforíjìn tèmi. Mi ò sọ tìẹ. Ẹnu tó purọ́ ni kó lọ jẹ́wọ́. Mo sì ti gba ọ̀rọ̀ tí mo sọ padà: o fẹ́ wá, wá, o fẹ́ dúró, dúró. Má wo ti ẹkún mi.

Ní ti itan ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, òsì ló máa ń ṣófo. Ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó sápá ibẹ̀, itan ọ̀tún yín ló sì sún mọ́ mi.

Ìyá yín, ẹ̀yin méjèèjì.


Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin

Màámi mi, ìyá àwa méjèèjì,

Ẹ kú ilé tó dákẹ́. Ẹ kú òótọ́ tí ẹ sọ. Bàbá Télọ̀, mo tún tọrọ gáfárà. Ọkọ Àǹtí ní òun á fi aṣọ kan ránṣẹ́ kí ẹ fi rán ṣòkòtò, kí ẹ lè dárí jì mí.

Mo sọ ọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá dúró dìgbà tó délé, màá tún ní omi ni mo fẹ́ mu. Mo bá lọ dúró dè é ní géètì ẹ̀yìn ọsibítù, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ìfọṣọ ń gbà jáde ní agogo mẹ́rin. Bí mo ṣe rí i báyìí, mo kúnlẹ̀ sórí títì. Ọkùnrin kan rò pé nǹkan mi ló jábọ́, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a.

Mo ní, "Àǹtí, irọ́ ni mo pa mọ́ yín fún Màámi."

Ó ní, "Mo mọ̀. Dìde, ilẹ̀ tutù."

"Ẹ mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Ta lo rò pé ó ń da bíìnì ilé yẹn nù?"

Mo ní kí ló wá dé tí kò sọ fún yín, tó jẹ́ kí ẹ máa bú òun. Ó gbọn eruku kúrò léékún mi. Ó ní, "Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ọ́ sílẹ̀. Mo ní kí n jẹ́ kí o fi irọ́ kan ṣoṣo gbẹ̀san. Ìyẹn náà ti tó o. Ìkejì, èékánná ni." Ọkùnrin yẹn ṣì ń wo ilẹ̀. Àǹtí ní kó máa lọ, pé a ti rí i.

Mo ṣì ń pè é ní Àǹtí. Ó ní kò burú, ohùn tí mo fi ń pè é ti yàtọ̀.

Ó ní ìlérí ni ìlérí: bí iléèwé bá padé ní oṣù keje, òun á ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí n sọ èyí tí mo fẹ́, ti àlọ nìkan àbí ti àlọ àti àbọ̀. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi rò ó. Mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà bínú sí gbogbo ayé, Ayékòótọ́ sì ń ròyìn mi. Lánàá ni mo sọ fún un.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ẹ jẹ́ kí yàrá mi mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní ẹrù tó fẹ́ kó síbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má lé e. Mo máa bá wọn padà. Mò ń bọ̀ wá kí yín ni, Màámi. Mi ò bọ̀ wá gbé.

Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ìlà tí ẹ kà kẹ́yìn yìí, ẹ sún mọ́ etí wọn, kí ẹ rọra tún un kà.

Olóríkunkun yín.